Ọwọ́ Ń Hun, Etí Ń Gbọ́: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Láti Máa Hun Aṣọ Níbi Ìwàásù?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ, ó sì ti mú kí àwọn aṣáájú ìjọ àti àwọn ọmọ ìjọ máa wo ara wọn ní ìwòkuwò. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn obìnrin tí ń gbé òwú àti abẹ́rẹ́ gígùn méjì dání lọ sí ibi ìwàásù tàbí ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì ń hun fìlà ọmọ tuntun, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ti ń sọ ọ́ lọ. Nítìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ní àfojúdi gbáà ni. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, nítorí pé etí ni a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọwọ́. Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì?

Ní ìlú Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn Òwórò, tí wọ́n ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ti wà ní agbègbè náà láti ọjọ́ pípẹ́; Núpé, Haúsá, Ígálà, Ẹ̀bìrà àti Básà náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ tí a sì fi Lọ́kọ́jà ṣe olú-ìlú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò láti Kàbà, Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú tún ti wá kún wọn. Lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo nínú ilé ìsìn, ènìyàn lè bá ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin pàdé. Ohun tí ẹnì kan kà sí ìwà ọmọlúàbí lè jẹ́ ìwọ̀sí lójú ẹni tí ó jókòó tì í. Bí ó ti rí ní Lọ́kọ́jà náà ni ó rí ní Kàdúná, ní Jọ́ọ̀sì, ní Mínà àti ní Màkọ́dì tí púpọ̀ nínú yín ń gbé. Ẹni tí ó wà ní ìdálẹ̀ sì mọ̀ pé bí òun bá ṣìwà hù, wọn kì yóò dárúkọ òun nìkan. Àwọn Yorùbá lápapọ̀ ni wọn yóò bá wí.

ÌDÍ TÍ ABẸ́RẸ́ FI Ń BÁ WỌN RÌN

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Iṣẹ́ ìhun kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń jókòó tì tí a sì ń parí lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi ń gùn, ìlà kan lẹ́yìn èkejì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru Lọ́kọ́jà kì í ṣe kékeré, ọyẹ́ a máa mú ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí ìyá ọmọ tuntun tí yóò fẹ́ kí orí ọmọ rẹ̀ wà láìbò. Nítorí náà, aláboyún ń hun tirẹ̀ sílẹ̀, ìyá àgbà ń hun ti ọmọ-ọmọ tí ó ń retí, opó àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì sì ń hun èyí tí wọn yóò tà láti fi ra ohun ọbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bẹ iṣẹ́ fún ọmọ tí a fẹ́ kó jáde ní ọjọ́ kẹjọ, kò sí ẹni tí yóò sún ọjọ́ náà síwájú nítorí pé ìbọ̀sẹ̀ kù ẹsẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin náà wà ní ọjà tàbí ní ọ́fíìsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iná ọbẹ̀ sì ń dúró dè é nílé. Ibi ìpàdé, ibi ìsìn àti ilé ìwòsàn nìkan ni ìgbà tí ìdí rẹ̀ ń kan ìjókòó.

Ìdí mìíràn wà tí àwa tí ń gbé ní ìlú elédè púpọ̀ mọ̀ dáadáa. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther bá ọkọ̀ àwọn Òyìnbó gòkè Odò Ọya dé ìpàdé odò méjèèjì ní ọdún 1841, àti nígbà tí ó padà wá ní 1857 tí a dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbẹ̀bẹ̀ ní òdìkejì odò, ògbufọ̀ ni a fi ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀. Títí di òní olónìí, ìwàásù púpọ̀ ni ó ń jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tàbí Haúsá. Ìwàásù ọgbọ̀n ìṣẹ́jú a sì di ti wákàtí kan. Ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì yóò gbọ́ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ọwọ́ ti máa ń wá nǹkan ṣe. Ibẹ̀ náà sì ni oorun ti máa ń wọlé.

BÍ ÀWỌN BABA WA TI Ń ṢE É

Kì í ṣe òní ni ọwọ́ àti etí ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní alẹ́ òṣùpá, bí ìyá àgbà bá ń pa àlọ́, àwọn obìnrin a máa bó ẹ̀gúsí, wọn a sì máa ran òwú. Kò sí ẹni tí ó sọ pé wọ́n rí ìyá àgbà fín. Bí ó bá kan orin, wọn a gbè é, síbẹ̀ ọwọ́ kò dúró. Ní ilẹ̀ Bùnú, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Lọ́kọ́jà, àwọn obìnrin ni a mọ̀ mọ́ híhun aṣọ lórí òfì tí ó dúró lóòró nínú ilé, yàtọ̀ sí òfì àwọn ọkùnrin tí a ń nà sílẹ̀ gbọọrọ. Aṣọ pupa wọn, tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àwọn ènìyàn pàtàkì, ti mú kí òkìkí wọn kàn dé ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀bá irú òfì bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ iṣẹ́, tí ó sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà kò gbà kí ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ọba. Ọkùnrin tí ó bá wọ ààfin a ṣí fìlà, a dọ̀bálẹ̀. Obìnrin a kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a sì ṣófo. Bí àwọn àgbà ìdílé bá ń parí ìjà, tàbí bí bàbá bá pe ọmọ láti bá a wí, kò sí ẹni tí yóò gbé ẹ̀gúsí wá síbẹ̀ láti bó. Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Irú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ni, àti ẹni tí ó ni ibi tí a ti ń sọ ọ́. Àlọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ fàájì, gbogbo agboolé ni ó sì ni ín. Ìbáwí àti ìdájọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ní láti kojú sí. Nítorí náà ni Yorùbá fi ń sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò sọ pé ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Ní ti kútúbà, èyíinì ni ìwàásù tí lèmọ́mù ń ṣe ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀ rárá. Nínú hàdíìsì tí Bùhárì àti Mùsúlímù gbà sílẹ̀, Ànábì Mùhámmádù (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a) ṣàlàyé pé ẹni tí ó bá tilẹ̀ sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ó dákẹ́, nígbà tí lèmọ́mù ń ṣe kútúbà lọ́wọ́, ti ṣe ohun asán. Mùsúlímù tún gbà á sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ tọ́ òkúta wẹ́wẹ́, irú èyí tí ó wà ní ilẹ̀ mọ́sálásí láyé ọjọ́un, ti ṣe ohun asán pẹ̀lú. Bí fífi ọwọ́ tọ́ òkúta bá rí bẹ́ẹ̀, a kò rí bí abẹ́rẹ́ àti òwú yóò ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Ìpàdé àsàlátù ọjọ́ Àìkú, wáàsí inú oṣù Ràmàdáánì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ kì í ṣe kútúbà. Àwọn wọ̀nyí ni ènìyàn lè bèèrè nípa wọn lọ́wọ́ àlùfáà. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí a bá ti ń ké Àlùkùránì, ìtẹ́tísílẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ ni a pa láṣẹ.

Láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì, kò sí òfin kan pàtó tí a lè nawọ́ sí. Àwọn tí kò fẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ nínú ìsìn a máa tọ́ka sí Màríà, tí ó jókòó ní ẹsẹ̀ Jésù tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, nígbà tí Màtá arábìnrin rẹ̀ ń sá sókè sódò. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn a máa tọ́ka sí Dọ́kásì ará Jópà, ẹni tí àwọn opó fi aṣọ tí ó rán han Pétérù lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìjọ Yorùbá sì fi orúkọ rẹ̀ pe ẹgbẹ́ àwọn obìnrin. Lójú tiwa, ẹ̀rí méjèèjì kò tó láti fi dá ẹjọ́ yìí. A kò kà á níbì kan pé Dọ́kásì ń ránṣọ nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́. Ní ti Màtá, àníyàn àti ìdààmú ọkàn rẹ̀ ni Olúwa mẹ́nu bà nígbà tí ó ń bá a wí. Bí a bá sì rántí ọ̀dọ́mọkùnrin Éútíkù ní Tíróásì, tí Pọ́ọ̀lù ń wàásù títí di ọ̀gànjọ́ òru, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni ó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn létí. Oorun ni, oorun náà sì ni ó mú un ṣubú láti òkè ilé.

Kí a má sì gbàgbé pé láti ìgbà ìṣáájú ni abẹ́rẹ́ àti ìwàásù ti jọ ń rìn ní ilẹ̀ wa. Anna Hinderer, tí ó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé, ó sì kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Ìjọ ni ó fi irú iṣẹ́ yìí lé ọ̀pọ̀ ìyá wa lọ́wọ́. Kò ní dára kí ìjọ kan náà máa wò ó bí ohun èérí.

NÍ IBI ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìwàásù. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń kọ́ àwọn aláboyún ní oúnjẹ tí ó yẹ kí wọ́n jẹ àti bí wọn yóò ṣe tọ́jú ìwọ́ ọmọ, kò sí ibi tí aṣọ ọmọ tí à ń hun ti bá ọ̀rọ̀ tí à ń sọ mu tó bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì kì í sì í bínú sí i. Ṣùgbọ́n ní ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, níbi tí ènìyàn ní láti máa kọ nǹkan sílẹ̀, ọwọ́ ti níṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé òwú wá síbẹ̀ ti fi ìwé sílẹ̀ nìyẹn.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, láàárín ọdún 1914 sí 1918, àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ń hun ìbọ̀sẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ náà kiri lọ síbi tí ẹsẹ̀ bá gbé wọn dé. Eleanor Roosevelt, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, a máa gbé ìhun rẹ̀ dání lọ sí ìpàdé. Ní 2021, ní ibi eré ìdíje Òlíńpíìkì ní Tókíyò, Tom Daley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba góòlù nínú eré bíbẹ́ sínú omi, jókòó láàárín àwọn òǹwòran pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì lọ́wọ́, ó ń hun tirẹ̀ bí ó ti ń wo eré àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo ayé rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Haúsá pẹ̀lú kò ní ṣàì ti rí ọkùnrin tí ó jókòó pẹ̀lú fìlà àti abẹ́rẹ́, tí ó ń ṣe ọnà sí i lára bí ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàkurọ̀sọ. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kì í ṣe ti obìnrin nìkan.

Àwọn onímọ̀ náà ti yẹ ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí wò. Ní ọdún 2009, Jackie Andrade ti Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Ó mú kí 40 ènìyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kò ládùn lórí ẹ̀rọ. Ó ní kí ìdajì wọn máa fi pẹ́ńsù kun àwọn àwòrán kéékèèké bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ; ìdajì kejì jókòó lásán. Nígbà tí ó bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn tí ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ rántí ohun tí wọ́n gbọ́ ju àwọn yòókù lọ ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Òótọ́ ni pé àwòrán kíkùn kì í ṣe nítìn, àwọn ènìyàn náà kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọwọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ rírọrùn lè gba ọkàn lọ́wọ́ ìrònú àti oorun.

Ọ̀rọ̀ wà lórí iṣẹ́ rírọrùn yẹn. Ẹni tí ó ti mọ ìhun dáadáa kì í wo ọwọ́ rẹ̀ bí ó bá ń hun ìlà lásán, bí onídìrí ti ń dirun tí ó sì ń dáhùn ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀, tàbí ibi tí a ti ń dín apá aṣọ kù, ó di dandan kí ó ka iye ojú òwú tí ó wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹni tí ń ka ojú òwú kò lè gbọ́ ẹsẹ Bíbélì.

Ẹ̀BI TA NI?

Èmi tí mo ń kọ èyí ti dúró túmọ̀ ọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ nígbà púpọ̀, mo sì mọ ohun tí ẹni tí ó wà lórí pèpéle ń rí. Kì í rí ọwọ́ púpọ̀. Ojú ni ó ń wá. Bí ojú bá ń wò ó, ara rẹ̀ a yá gágá. Bí ojú bá sọ̀kalẹ̀, ìbáà ṣe sórí òwú, ìbáà ṣe sórí ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í sú u.

Ní ìjọ kan ní Lọ́kọ́jà, tí n kò ní dárúkọ, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, tí ó ń hun fìlà funfun kékeré kan. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára oníwàásù. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń tọ́jú èrò wá, ó gba àpò òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì ní kí ó wá gbà á lẹ́yìn ìsìn. Màmá náà kò fọhùn. Ó dìde, ó gba àpò rẹ̀, ó sì jáde. N kò rí i níbẹ̀ mọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, àti èyí tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jókòó ní iwájú rẹ̀ gan-an, tí ó ń fi ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀ wo èsì bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù dé ìparí. Kò sí ẹni tí ó bá a wí.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ẹni tí ó ń hun ń gbọ́. Ẹni tí ó ń tẹ ẹ̀rọ kò gbọ́ rárá, nítorí pé ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí ó ń bá a sọ. Òwú kì í sọ̀rọ̀. Bí a óò bá ṣòfin, kí ó kan tọkùnrin tobìnrin, kí ó kan ẹ̀rọ kí ó tó kan abẹ́rẹ́.

ÌMỌ̀RÀN WA

Èkíní, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ibẹ̀ kí ìsìn tàbí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí wọ́n gbà ní ìjọ yín nílé lè má jẹ́ ohun tí wọ́n gbà níbi tí ẹ wà báyìí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbà fún wọn láìjanpata.

Èkejì, iṣẹ́ tí kò nílò ojú nìkan ni kí ẹ gbé dání. Èyí tí ó ní kíkà tàbí àwọ̀ mẹ́ta nínú, ilé ni kí ó wà.

Ẹ̀kẹta, ẹ jókòó sí ìpẹ̀kun tàbí sẹ́yìn, kí ìgùnpá yín má baà máa gún ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí ìdì òwú wà nínú àpò, kí ó má baà yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì kí àwọn ọmọdé wá máa lé e. Abẹ́rẹ́ onírin a máa dún. Ti onígi tàbí ti oníke sàn jù ú lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀, bí a bá ń ka ìwé mímọ́, bí a bá ń kọrin, tàbí bí a bá dìde dúró, kí òwú wọ inú àpò. Níbi kútúbà, níbi ìsìnkú àti níbi tí a ti ń bá ènìyàn wí, kí ó má tilẹ̀ jáde rárá.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin tí ń darí ìpàdé, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti èyí tí ẹ kò fẹ́ fún gbogbo ènìyàn kí ó tó di ìbínú. Bí ẹnì kan bá ṣì í ṣe, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀ kí ẹ bá a sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni a kì í bá wí lójú ọmọ. Àti pé, bí ìwàásù bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, tí a tún túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ọwọ́ bá ń wá iṣẹ́.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹni tí ń hun lè gbà dán ara rẹ̀ wò. Bí ó bá délé, kí ó ròyìn fún àwọn ará ilé ohun tí oníwàásù tàbí olùdánilẹ́kọ̀ọ́ sọ. Bí ó bá lè sọ ọ́ dáadáa, kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí ó fi abẹ́rẹ́ sílé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí ó sì ń lé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jáde, kí ó rántí pé nítorí kí ènìyàn lè gbọ́ ni a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí a bá lé e kúrò níbẹ̀ nítorí òwú, níbo ni yóò ti tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà?